Mọ́ríátù, Ìyàwó Àwòrán

Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ Mọ́ríátù kiri máa ń mú un láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fótò sórí àga ní ipò ọkọ. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Jàlálù ni ọmọ àkọ́kọ́ tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbo ilé wọn ní Ìlobù. Àgbẹ̀ oníṣu ni Bùràímọ̀, bàbá rẹ̀. Kí ọmọ náà tó ṣe ìdánwò àṣekágbá ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà. Nígbà tí èsì dé láti ìlú òyìnbó lọ́dún 1953, ó yege nínú ìṣirò, ó yege nínú sáyẹ́ǹsì, ó tilẹ̀ yege nínú ìmọ̀ Bíbélì, òun ọmọ Mùsùlùmí. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò gbà. Láyé ìgbà náà, bí ènìyàn bá gba gbogbo iṣẹ́ yòókù tí kò gba Gẹ̀ẹ́sì, kò sí sátífíkéètì fún un rárá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ ní ìlú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìpoògùn, kọ̀wé sí i pé kò sí àyè fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú tì í. Ó wá iṣẹ́ tíṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè é ní Dókítà.

Níbẹ̀ ló ti pàdé Mọ́ríátù. Ọmọ Ìfọ́n ni, ṣùgbọ́n Mìnà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí iṣẹ́ rélùwéè ni Múdàṣírù, bàbá rẹ̀, ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọmọ Núpé, ọmọ Ìgbò, ọmọ Hausa àti ọmọ Yorùbá ló jọ ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn. Mọ́ríátù ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí onípele kẹta, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìfọ́n wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí, hẹ́dímásítà wọn, ló pè wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan.

“Mísì Mọ́ríátù,” ó ní, “ẹ bá mi ran ọ̀gbẹ́ni yìí lọ́wọ́. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ló ń bà á.”

“Ẹ̀rù kọ́, sà,” Jàlálù ní.

“Kí ni nígbà náà?”

Jàlálù fa àga kan, ó jókòó.

Wọ́n wá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, níbi tí hẹ́dímásítà ti lè máa rí wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ. Mọ́ríátù yẹ ohun tó kọ wò.

“Ọ̀gbẹ́ni Jàlálù, Yorùbá lẹ fi ń ronú kí ẹ tó kọ ọ́.”

“Kí ni kí n wá fi ronú? Èdè ìgbín?”

Mọ́ríátù kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ti bọ́. “Ẹ má kọ ohun ńlá mọ́. Ẹ fi ọba àti ìjọba sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí lójú ọ̀nà láàárọ̀ ni kí ẹ máa kọ.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó kọ nípa kẹ̀kẹ́ tó yọ ṣéènì. Ó kọ nípa àwọn obìnrin tó ń ru iṣu lọ sí Òṣogbo, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láì yí orí. Díẹ̀díẹ̀, íńkì pupa Mọ́ríátù ń dín kù lójú ìwé rẹ̀. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, Mọ́ríátù ní kí ó kọ nípa ẹnì kan tó mọ̀. Jàlálù kọ nípa obìnrin kan tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ bó bá dé etí odò kékeré, tó máa ń dúró lódìkejì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi gbẹ, tó sì máa ń wojú ọ̀run nígbà tó bá ń dúró bí ẹni tí ẹnì kan ṣèlérí láti wá pàdé níbẹ̀.

Mọ́ríátù ń fi íńkì pupa tún un ṣe lọ. Ìdajì ìwé ló dé kí ó tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Ta lẹ kọ èyí nípa rẹ̀?”

“Ẹ ti mọ̀.”

“Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá.”

Jàlálù wolẹ̀. “Kò ṣeé sọ ní Yorùbá. Bí mo bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. Ní Yorùbá, èmi ni.”

“Ìdí tí mo fi ní kí ẹ sọ ọ́ nìyẹn.”

Hẹ́dímásítà ń ti fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́wọ́. Àgùntàn kan ń jẹ ewé lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jàlálù dúró títí ariwo fèrèsé fi dákẹ́.

“Mo fẹ́ràn rẹ,” ó ní.

Kò sọ pé ‘yín’. Mọ́ríátù gbọ́ ọ. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e fún un, ó ní, “Lọ tún un kọ. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀.” Òun náà kò sọ pé ‘ẹ lọ’. Jàlálù gun kẹ̀kẹ́ dé Ìlobù lọ́jọ́ náà láì mọ ọ̀nà tó gbà.

*

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ó ti wà kí àwọn méjèèjì tó dáyé. Ọmọ ìlú méjèèjì ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà kan náà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbin iṣu sí ààlà lónìí, bópẹ́ bóyá ẹlòmíràn á ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Sìkírátù, ẹ̀gbọ́n Jàlálù obìnrin, wà nílé ọkọ ní Ìfọ́n. Òun ni Jàlálù bẹ̀ kí ó ṣe alárinà.

Sìkírátù wọ ilé Múdàṣírù ní ọ̀sán, ó kúnlẹ̀, ó kí i títí, ó wá tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Ìlobù?” Múdàṣírù ní. “Nínú gbogbo ìlú tí Ọlọ́run dá?”

“Bàbá, ọmọ Ìlobù lèmi náà, Ìfọ́n ni mo sì bí gbogbo ọmọ mi fún.”

“Mo mọ̀. Ènìyàn dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá gbóná, apá ibo lo máa ń wà?”

“Inú yàrá ni mo máa ń wà, bàbá. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn.”

“Ṣé ohun tí o fẹ́ kí ọmọ tèmi náà máa ṣe nìyẹn?”

Alárinà kò lè purọ́. Ó wolẹ̀. Múdàṣírù rí i pé ọ̀rọ̀ òun wọ̀ ọ́ lára, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Mo gbọ́ pé ọmọ náà ń wá ìwé láti fi lọ sí ìlú òyìnbó. Bó bá gba ìwé náà, kí ó padà wá bá mi. Bí kò bá gbà á, kí ó wá ọmọ Ìlobù fẹ́.”

Ó dá a lójú pé Jàlálù kò ní gbà á.

Ní Ìlobù, Bùràímọ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ náà tán. “Obìnrin tó ń fa ìlà pupa sí ìwé ọkọ kí ó tó wọlé ọkọ,” ó ní, “bó bá wọlé tán ńkọ́? Kí ó wá fa ìlà sí èmi náà lójú?”

Mọ́ríátù ń kọ́ ọ lọ. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń rò lásìkò yìí, nítorí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì Jàlálù bá dára, wọ́n á lè fẹ́ ara wọn. Bí Gẹ̀ẹ́sì Jàlálù bá dára, Jàlálù á lọ. Ìgbà mìíràn wà tó rí àṣìṣe kan lójú ìwé tí íńkì rẹ̀ á dúró lórí rẹ̀, tí á máa wò ó bíi pé kí ó fojú fò ó. Kò fojú fo ọ̀kan rí.

Jàlálù tún gbogbo ìdánwò náà ṣe ní Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1954. Nígbà tí èsì dé, ó gun kẹ̀kẹ́ wọ Ìfọ́n lọ́sàn-án gangan, nǹkan tí kò ṣe rí, ó ń pariwo láti ìta.

“Kírẹ́díìtì! Mọ́ríátù, kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì!”

Gbogbo àdúgbò jáde. Mọ́ríátù náà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ lọ pọn omi fún àlejò. Ó pẹ́ nídìí àmù. Nígbà tó gbé omi náà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní èéfín ni.

Múdàṣírù kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó pe Jàlálù wọlé, ó ní, “Mo sọ pé kí o gbà á, o gbà á. Mo fún ọ. Ṣùgbọ́n lọ, kí o sì dé. Ọjọ́ tí o bá dé la ó so yìgì.”

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, Jàlálù wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo láti lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Àwọn ará ilé rẹ̀ yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà lé e lórí. Mọ́ríátù kì í ṣe ará ilé, nítorí náà ó dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọsàn. Jàlálù nawọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Òun náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè. Ìyẹn ni ìdágbére wọn.

*

Kò tíì pé ọdún kan tí ìròyìn gba ìgboro kan pé ọmọ ìlú kan nítòsí ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú ìyàwó funfun, tí ìyá rẹ̀ kò lè bá ìyàwó náà sọ nǹkan kan ju “káàbọ̀” lọ. Bùràímọ̀ gbọ́, kò lè jẹun. Ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ wọ agbádá, ó mú àbúrò rẹ̀ Gàfárù lẹ́yìn, wọ́n forí lé Ìfọ́n.

“Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fẹ́ ọmọ mi,” Múdàṣírù ní.

“Èmi ni,” Bùràímọ̀ ní. “Ẹ má ránnu mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká so yìgì.”

“Ọkọ ò sí nílé.”

“Gàfárù á gbà á fún un. Ẹ bi àwọn àlùfáà bóyá kò tọ́.”

Àwọn àlùfáà ní ó tọ́, bí ọkọ bá ti yan ẹni tó máa ṣojú rẹ̀. Jàlálù kọ̀wé láti ìlú òyìnbó pé òun yan Gàfárù. Wọ́n bi Mọ́ríátù léèrè. Ó ní òun gbà. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ohun tó ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló dé.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbéyàwó náà bọ́ sí. Wọ́n gbé fótò Jàlálù sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, Jàlálù wọ kóòtù, ó ń wo apá kan bí ẹni tí wọ́n pè láti yàrá kejì. Lèmọ́mù béèrè, Gàfárù dáhùn pé, “Mo gbà á fún Jàlálù ọmọ Bùràímọ̀.” Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ wáá, fótò náà ṣubú lójúbolẹ̀. Ìyá arúgbó kan ní, “Ìyàwó, di ọkọ rẹ mú o!” Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Mọ́ríátù gbé fótò náà, ó nu eruku ojú rẹ̀ nù, ó gbé e lé itan rẹ̀. Títí wọ́n fi ṣe àdúà tán, kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní ìyàwó àwòrán.

Ìlobù ni ó wá ń gbé, nínú yàrá tí Jàlálù ti sùn nígbà èwe. Ní ilé yẹn, àwọn ìyàwó ní ọkọ tí wọ́n ń bá jà, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń nà. Mọ́ríátù kò ní ẹni tí yóò bá jà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Ìyá Sìkírátù, ìyá ọkọ rẹ̀, jẹ́ obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. “O dé?” “Mo dé, ìyá.” “O kú iṣẹ́.” “Ẹ kú ilé, ìyá.” Ó máa ń parí síbẹ̀.

Lẹ́tà Jàlálù ń dé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti wá dán, ó ti gùn, ó ti ń yí bí omi odò. Ó ń sọ̀rọ̀ òtútù, ó ń sọ̀rọ̀ yàrá tó háyà lọ́dọ̀ ìyá àgbà òyìnbó kan. Mọ́ríátù á kà á títí, á máa wá àṣìṣe kan ṣoṣo tí yóò fi mọ̀ pé ti Jàlálù òun ni, kò ní rí i. Ó dáhùn pé, “Jọ̀ọ́, máa kọ ọ́ ní Yorùbá.” Lẹ́tà tó tẹ̀lé e wá ní Yorùbá, ó sì kúrú: “Mọ́ríátù mi, ìgbésí ayé níbí tutù. Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Máa bọ̀.”

Máa bọ̀. Jàlálù ti rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà kan nítòsí ibi tó wà, bí wọ́n bá gba Mọ́ríátù síbẹ̀, á rí ìwé ìrìnnà gbà. Mọ́ríátù kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dáhùn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀: ìwé-ẹ̀rí onípele kẹta kò dọ́gba pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ́dọ̀ àwọn. Kí ó ṣe ìdánwò ńlá tí wọ́n ń ṣe láti Lọ́ńdọ̀nù, kí ó gba iṣẹ́ márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó wá ẹ̀rí mìíràn pé ó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì sọ ọ́.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Òun tó tún Gẹ̀ẹ́sì Jàlálù ṣe, Gẹ̀ẹ́sì òun kò ní ìwé. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣe é bí ẹni tó kànlẹ̀kùn ilé tirẹ̀ tí wọ́n ní kí ó sọ orúkọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìṣirò ni ìyọnu rẹ̀. Jàlálù ń kọ́ ọ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bá béèrè lóṣù yìí, oṣù tó ń bọ̀ ni ìdáhùn á dé, nígbà tó ti gbàgbé ibi tó ti ń dà á láàmú. Ó ṣe ìdánwò lọ́dún 1957, ìṣirò já a sílẹ̀.

“Wọ́n ní kí o tún un ṣe?” Ìyá Sìkírátù béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.”

“Irú rẹ̀ ṣe Jàlálù.” Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ sí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

*

Ọdún 1958 ni àwọn àgbẹ̀ jà ní ààlà. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣá ènìyàn lọ́gbẹ́, wọ́n hú iṣu tí kò tíì ta. Àwọn ará Ìlobù kò lọ sí Ìfọ́n mọ́, ará Ìfọ́n kò wá sí Ìlobù. Nínú agbo ilé, bí Mọ́ríátù bá yọ, ọ̀rọ̀ á dúró lẹ́nu àwọn obìnrin. Ẹnì kan sọ ọ́ sókè kí ó gbọ́ pé, “Àwọn èèyàn rẹ̀ náà ni.” Mọ́ríátù wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn wá pé ara Múdàṣírù kò yá, pé ó ń pe Mọ́ríátù.

“Kò sẹ́ni tó máa lọ sí Ìfọ́n láti ilé yìí,” Bùràímọ̀ ní. “Kí wọ́n ṣe é léṣe lójú ọ̀nà, kí n wá kọ kí ni sí ọmọ mi?”

Mọ́ríátù kúnlẹ̀ níbi tó wà, kò dìde, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ìyá Sìkírátù jáde láti yàrá rẹ̀. Ó ti wé gèlè, ó ti gbé ìborùn lé èjìká.

“Dìde,” ó ní. “Ká lọ.”

“Ìyá Sìkírá, ibo lò ń lọ?” Bùràímọ̀ bi í.

“Ìfọ́n ni ọmọ mi obìnrin wà. Ìgbà tí ẹ bá ń jà, èmi kì í rí i. Lónìí mo fẹ́ rí i. Bí ìyàwó ọmọ mi bá sì wà lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ò lè ní kí n má bá a rìn.”

Wọ́n gba ojú títì, lábẹ́ oòrùn, kí gbogbo ayé lè rí wọn. Ní ààlà, àwọn ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àdá. Ìyá Sìkírátù kí wọn, “Ẹ kú ìjókòó o.” Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ kú ìrìn, ìyá.” Wọ́n kọjá. Nígbà tí wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ ni ìyá ọkọ Mọ́ríátù na ọwọ́ sí i. Ó dì í mú. Wọ́n di ọwọ́ náà mú dé Ìfọ́n.

Múdàṣírù wà lórí ẹní. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo obìnrin tó tẹ̀lé e.

“Ta nìyẹn?”

“Ìyá ọkọ mi ni, bàbá.”

“Ó fẹsẹ̀ rìn wá?”

“Ó fẹsẹ̀ rìn wá.”

Ó dijú. “Ọkàn mi balẹ̀ nígbà náà,” ó ní. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tó fi kú, Mọ́ríátù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jàlálù gbọ́ ikú náà lóṣù tó tẹ̀lé e. Nígbà tí lẹ́tà ìbánikẹ́dùn rẹ̀ dé, Mọ́ríátù ti sunkún tán, ó ní láti tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún yẹn ló gba ìṣirò. Iṣẹ́ márààrún pé. Ó ku ẹ̀rí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1959, obìnrin òyìnbó kan sì jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bi í ní oríṣiríṣi, Mọ́ríátù ń dáhùn. Kò ṣòro. Lẹ́yìn náà obìnrin náà pa ìwé dé, ó béèrè bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ pé, “Kí ló dé tí ẹ fẹ́ lọ?”

Mọ́ríátù ti ní èsì rẹ̀ lẹ́nu láti ilé: ọkọ mi wà níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ ni pé, “Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ti tán nínú mi. Mo fẹ́ lọ bù sí i.”

Nínú lọ́rì tó gbé e padà sí Òṣogbo, ẹ̀rù bà á. Kò dárúkọ Jàlálù. Kò tilẹ̀ rántí rẹ̀.

*

Lẹ́tà méjì dé tẹ̀lé ara wọn. Èkínní, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà gbà á, kí ó máa bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Èkejì, Jàlálù ti ṣe tán, ìjọba ti fún un níṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn, ó ń bọ̀ nílé ní oṣù kẹjọ.

Gbogbo ilé lọ pàdé rẹ̀ ní Òṣogbo. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti Mọ́ríátù síwájú. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó ti sanra, irun rẹ̀ ti sún sẹ́yìn níwájú orí. Mọ́ríátù kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn.”

“‘Ẹ’?” Jàlálù ní. “Mọ́ríátù, èmi nìyí.”

“Mo mọ̀. Mo kàn ń wò yín ni. Ẹ sanra ju fótò lọ.”

Jàlálù fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi wá sójú rẹ̀. Kò mọ ibi tó yẹ kí òun gbé ọwọ́ lé lára ìyàwó tó ti fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ó gbé e lé èjìká rẹ̀, bí ẹni fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Oṣù yẹn dùn. Wọ́n ń kọ́ ara wọn bí ẹni ń kọ́ a-b-d. Ó wá mọ̀ pé Jàlálù máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Jàlálù wá mọ̀ pé Mọ́ríátù kì í fẹ́ kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ kí ó tó bọ́jú láàárọ̀. Ó pẹ́ kí ‘o’ tó padà sẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà. Ọjọ́ tó padà gan-an ló sọ fún un pé òun ṣì fẹ́ lọ.

“Lọ síbo?” Jàlálù ní. “Nítorí kí o lè wá bá mi lo fi ń wá ìwé yẹn. Mo ti dé. Kí ló tún kù?”

“Èmi náà rò pé nítorí rẹ ni.”

“Kí wá ni?”

“N ò mọ̀ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ọdún tí mo fi dúró, nǹkan kan hù nínú mi tí kì í ṣe tìrẹ. Bí mi ò bá lọ, á kú. N ó sì máa wò ọ́ bí ẹni tó pa á.”

“Má lọ,” Jàlálù ní. “Jọ̀ọ́.”

Fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bùràímọ̀ ní àwọn ará ìlú á ní ọmọ òun kò lè kápá ìyàwó. Ìyá Sìkírátù ń gé iṣu lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ìgbà tí ìwọ ń lọ, ta ló ní kí o má lọ?”

“Kò sí, ìyá.”

“Ó sunkún lójú rẹ?”

“Rárá.”

“Ojú mi ló ti sun ún. Kò mọ̀ pé mo rí i.” Ó gé iṣu náà tán kí ó tó tún sọ̀rọ̀. “Jàlálù, jẹ́ kí ó lọ. Dídúró de ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan.”

Ó lọ. Jàlálù fúnra rẹ̀ ló sìn ín dé Èkó. Ọdún 1961 ló padà, wọ́n sì kó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n bímọ, ó sì di olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Jàlálù ti Èkó dé lóun nìkan ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀.

Ó wọ Ìlobù ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu àti ọbẹ̀ fún un. Ó ń wá ibi tó máa jókòó sí, ìyá rẹ̀ sì gbé àwo náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yàrá Mọ́ríátù, lórí òkúta pẹlẹbẹ kan tó kọjú sí ògiri.

“Ibí ni ìyàwó rẹ ti máa ń jẹun,” ó ní. “Àwọn ìyàwó ilé yòókù ń jẹun pọ̀ lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò lé e. Ẹnikẹ́ni ò sì pè é. Ó pẹ́ kí èmi náà tó pè é.”

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Jàlálù jókòó lórí òkúta náà. Láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ wọn wá jẹun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bu iṣu sẹ́nu. Kò sí ẹni tó yọjú sí i títí ó fi jẹun tán.